Okùn Kan Tó Lé Nínú Ara Mi

Mi ò bímọ rí, mi ò sì ní bí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á ti mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà máa retí pé níwájú ni màá ti sọ pé Ọlọ́run yí i padà, tí ìyàwó mi sì bí ìbejì. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ pọ̀, inú mi sì máa ń dùn pẹ̀lú àwọn tó ní in láti jẹ́. Tèmi yàtọ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí àwọn ọkùnrin tí irú nǹkan tó ṣe mí ń ṣe, tí wọn ò mọ̀, tí ìyàwó wọn sì ń mu àgbo kiri fún àìsàn tí kò sí lára rẹ̀.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Oko kòkó bàbá mi wà lọ́nà Ìkirè-Ilé, ibẹ̀ la sì ti máa ń lo gbogbo ọlidé. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn kòkó tútù tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó lè kan, ọkàn mi máa ń padà sáyé ìgbà yẹn. Màá rí bàbá mi lórí ìjókòó kékeré, níbi tí wọ́n ti ń la kòkó. Màá rí Ṣínà àbúrò mi tó ń lá omi kòkó títí ètè rẹ̀ á fi máa yọ̀. Màá rí ara mi náà, níbi tí mo ti ń na ọwọ́ lásán já èso tí àwọn yòókù ń wá ọ̀pá fún. Mo ga. Ẹsẹ̀ mi ló gùn jù. Mi ò tíì kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ga ju bàbá mi lọ. Agùntáṣọọlò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, orúkọ náà sì dùn mọ́ Màámi lẹ́nu. "Agùntáṣọọlò, wá bá mi gbé agbọ̀n yẹn wálẹ̀ lókè àjà." Wọ́n ní bàbá bàbá mi náà ga bẹ́ẹ̀. Ta ló máa gbé ọmọ lọ sí ọsibítù torí pé ó ga?

Ìgbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi ń ki, irun ń hù lágbọ̀n wọn, wọ́n sì ń fi ṣe fáàrí. Tèmi ò hù. Àyà mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọmú, tí nǹkan bá sì kàn án, á máa dùn mí. Mo fẹ́ràn kí n máa wẹ̀ lódò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n láti ọdún náà ni mi ò ti bọ́ ẹ̀wù níwájú ẹnikẹ́ni mọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ni mo ń wọ̀ sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù, nínú ooru yẹn. Nígbà tí Màámi wá mọ̀, wọ́n gbé omi gbígbóná àti òrí wá, wọ́n ń fi tẹ̀ ẹ́ fún mi. "Ooru inú ara ni," wọ́n ní. "Ó máa wábi gbà." Lóòótọ́, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó yá, a sì gbàgbé ẹ̀. Kíkàwé sókè náà máa ń le fún mi. Ọ̀rọ̀ á wà lọ́kàn mi, kò ní tètè dé ẹnu. Àwọn tíṣà rò pé mo ya ọ̀lẹ. Gíga mi, àyà mi, irùngbọ̀n tí kò hù, ọ̀rọ̀ tó ń fà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó rò pé ohun kan náà ló bí gbogbo wọn.

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni ohùn mi. Aládùúrà ni wá, mo sì wọ ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí mo ṣì kéré. Nígbà tí mo di géńdé, ọ̀gá akọrin mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tẹ́nọ̀, ohùn mi ò sọ̀kalẹ̀ dé ibẹ̀. Ó gbìyànjú gbìyànjú, ó wá fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Bí mo ṣe di ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn áátò nìyẹn, nínú sùtánà funfun tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀ mi rí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ìjọ ní ẹ̀bùn ni.

Níbẹ̀ ni mo ti rí Mojí. Àpòmù ni wọ́n ń gbé, ẹgbẹ́ akọrin tiwọn ò sì pọ̀, torí náà wọ́n máa ń wá bá wa ṣe ìdánrawò tí ìkórè bá ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, iwájú mi ló dúró sí. A kọrin dé àárín, ló bá bojú wẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Mo ti rò pé arábìnrin kan ló wà lẹ́yìn mi o."

Ojú tì mí, mo fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó di apá sùtánà mi mú. "Ẹ má bínú. Torí pé ó dùn ni mo ṣe wo ẹ̀yìn."

Mo ti gba fírídọ́ọ̀mù nídìí iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn nígbà yẹn. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti gbà mí síṣẹ́ lòun ti pa àkàbà tì. Tí mo bá ṣíwọ́, màá wẹ̀, ọ̀dà á ṣì wà nínú irun mi, màá gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Ìkirè sí Àpòmù ò jìnnà. Nígbà míì, tí Mojí bá wá kí Màámi, ẹsẹ̀ ni màá fi sìn ín padà. Màá ra dòdò Ìkirè, èyí tí ata rẹ̀ mú dáadáa, a ó máa jẹ ẹ́ lọ láti inú ewé, a ó sì máa fi áátò kọrin, àwa méjèèjì, láìsí ẹni tó ń bá wa gbé ohùn yòókù. Àwọn tó ń kọjá á wò wá, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo ti kọjá lójú ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Kò tíì sí ìgbà kan tí mo gbabẹ̀ tí mi ò rántí bí epo dòdò ṣe ń ran mọ́ ìka rẹ̀.

A ṣègbéyàwó lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú, a sì ń gbé ní ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Ìkirè, Màámi níwájú, àwa lẹ́yìn. Mojí ń ránṣọ lábẹ́ ibòòji ẹ̀gbẹ́ ilé. Lọ́dún àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Lọ́dún kejì, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn Mojí kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀ tí wọ́n bá ń kí ara wọn láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbo dé. Àwọn kan wà nínú ìgò, wọ́n dúdú, wọ́n sì korò. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀kọ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó mu ún. Obìnrin kan wà tó máa ń fi epo tẹ inú fún àwọn tó ń wá ọmọ. Tí Mojí bá tọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀, kì í lè jókòó dáadáa. Àwọn àgbà ìjọ ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ, ó gbà á. Wọ́n ní kó lọ wẹ̀ lódò ní ìdájí, ó lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún un ló mu. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan fún mi. Ọkùnrin gígùn bíi tèmi, tó ń ṣe ojúṣe ọkọ nínú ilé rẹ̀, ta ló máa wò ó pé bóyá òun ni?

Mojí lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe é. Màámi ní bí ọsibítù ò bá rí i, ẹ̀mí ló bò ó.

Lọ́dún tí mo sún mọ́ ẹni ogójì, agbára mi ń tán. Búrọ́ọ̀ṣì tó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù. Tí mo bá kun ògiri kan, màá jókòó. Mo rò pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń kun yàrá oníbàárà mi kan, mo ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àpótí kékeré kan tí kò ga ju orúnkún lọ. Mo fi ọwọ́ tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́. Teégunteégun dì í, kò jinná, ó ń wú. Ṣínà ló ní kò sí àríyànjiyàn mọ́, ká máa lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ ò ní mọ bí èrò ṣe pọ̀ tó ní ọsibítù ìjọba àfi tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ máa gba káàdì, ẹ máa dúró, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sí wíńdò kejì, ẹ máa tún dúró. Nígbà tó kàn wá, dókítà tó wò mí, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, wo àwòrán eegun ọwọ́ mi títí. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wo ojú mi.

"Ẹ ń fá irùngbọ̀n yín ni, sà, àbí kì í hù?"

"Kì í hù, mà."

"Eegun yín ti fẹ́lẹ́ jù fún ọjọ́ orí yín. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mojí ló dáhùn. "A ṣì ń wojú Olúwa, mà. Ó ti pẹ́."

"Ta ni wọ́n ti yẹ̀ wò nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò títí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Mo wolẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa bi mí.

Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Ó ṣòro fún mi ju kí wọ́n fa ọwọ́ tó ṣẹ́ náà lọ. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ àtọ̀ mi wò, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tó lè di ọmọ. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún gba òmíràn tí wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, owó ìyẹn sì ga. Mo ta ọ̀kadà mi.

Mo máa sọ nǹkan kan báyìí tó lè ya ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lẹ́nu. Àwọn oṣù tá a fi ń lọ tá a fi ń bọ̀ yẹn, tí ẹ̀rù ń bà wá, tí owó ń tán lọ́wọ́ wa, wà lára ìgbà tí mo máa ń rántí pẹ̀lú ìfẹ́ jù láyé mi. A ò tíì rìn pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tá a ti ń fẹ́ra. Àárọ̀ la máa ń wọ mọ́tò. Mojí á fi orí lé mi léjìká, á sùn títí tá a máa fi kọjá odò Aṣéjìre. Tá a bá ń bọ̀, tí awakọ̀ bá dúró níbẹ̀ torí àwọn tó fẹ́ ra ẹja, àwa náà á sọ̀kalẹ̀, a ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a ó máa wo omi náà bó ṣe tẹ́ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mojí bi mí pé, "Tí wọ́n bá wá ní ẹ̀yin ni ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ra ẹja."

Ọjọ́ tí èsì dé, dókítà náà ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ò fi gírámà kankan dà á rú fún wa.

"Nínú gbogbo ara èèyàn ni àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tí ojú lásán ò lè rí," wọ́n ní. "Àwọn ló ń sọ fún ara bó ṣe máa rí, ẹni tó máa ga, ẹni tó máa pupa. Méjì nínú wọn ló ń pinnu ọkùnrin àti obìnrin. Obìnrin ní X méjì. Ọkùnrin ní X kan, Y kan. Ẹ̀yin ní X méjì, ẹ tún ní Y kan. Ọ̀kan lé. Èyí tó lé yẹn ni kò jẹ́ kí kórópọ̀n yín dàgbà tó bó ṣe yẹ, ni kò ṣe lè pèsè ohun tó ń di ọmọ, kò sì pèsè ohun tó ń fún ọkùnrin ní irùngbọ̀n àti eegun tó le."

"Ta ló fi lé e?" ni mo bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó fi lé e. Kí ìyá yín tó mọ̀ pé àwọn lóyún ló ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n jẹ, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọkùnrin míì á ní in, wọ́n á dàgbà, wọ́n á kú, wọn ò ní mọ̀."

Ìbéèrè kan wà lọ́fun mi tí kò fẹ́ jáde. Mo fi agbára tì í. "Mà, ṣé ọkùnrin ni mí?"

"Ọkùnrin ni yín. Bẹ́ ẹ ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé yìí náà lẹ ṣe jẹ́ báyìí."

Mo ń bẹ̀rù ohun tí Mojí máa sọ. Mo rántí gbogbo ìgò àgbo yẹn, ààwẹ̀ yẹn, ọwọ́ obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú. Ó ti tó kó bú mi. Ó gbójú sókè sí dókítà.

"Ṣé ó máa pa á?"

Ìyẹn nìkan ló bèèrè. Dókítà ní rárá, kò ní pa mí, ṣùgbọ́n mo máa nílò abẹ́rẹ́ láti ìgbà yẹn lọ, kí eegun mi lè le, kí agbára mi lè padà. Abẹ́rẹ́ náà ò ní fún wa lọ́mọ. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kan wà, tí wọ́n fi máa ń wá inú kórópọ̀n bóyá díẹ̀ lè ṣẹ́ kù níbì kan, àwọn kan máa ń rí, ọ̀pọ̀ kì í rí. A ní kí wọ́n ṣe é fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ṣínà àti Mojí wá owó rẹ̀ jọ. Wọ́n wá a, wọn ò rí nǹkan kan. Mojí ló sọ fún mi nígbà tí mo jí. Ó fi ọwọ́ nu ojú mi, ó ní, "A ti wá a. Ó ti parí."

Nínú mọ́tò lọ́jọ́ tá a ń padà bọ̀ wálé, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. "Ẹ má sọ fún Màámi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé èmi ni. Ó ti mọ́ mi lára."

Mo kọjú sí fèrèsé, omi ti kún ojú mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ní kí gbogbo ilé pàdé. A jókòó sí pálọ̀ Màámi: Màámi, Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ṣínà, èmi, àti Mojí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá ní àwọn ti rí ọmọbìnrin kan ní Ararọ̀mí-Òwu, ọmọ àgbẹ̀, ara rẹ̀ le, àwọn òbí rẹ̀ sì ti gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní kí n lé Mojí. "Kí ó jókòó síbẹ̀, kí èkejì náà wọlé. Ọmọ ló ń jẹ́ kí ilé gbóná."

Mojí ń wò mí, ó ń mi orí pé kí n má sọ̀rọ̀. Mo dìde dúró.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọmọbìnrin yẹn fún mi, ẹ máa kàn fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ ni. Èmi ni mi ò lè bímọ. Mojí ò ní nǹkan kan lára."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ fà lẹ́nu mi bó ṣe máa ń fà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Bàbá Alágbẹ̀dẹ fọwọ́ gbá irùngbọ̀n wọn mú, wọ́n ronú títí.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Ọ̀rọ̀ ilé ni, ilé náà la ti máa parí ẹ̀. Ṣínà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Kò sí ará ìta tó máa gbọ́."

Ṣínà dìde bí ẹni tí nǹkan ta. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó jáde. A gbọ́ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níta.

Mojí kúnlẹ̀ níbi tó wà. Ohùn rẹ̀ ò sókè. "Ẹ ṣeun, sà. Mo mọ̀ pé torí ká má baà di ẹni yẹ̀yẹ́ lẹ ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ kan ni mo fẹ́."

Màámi wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀: "Fẹ́mi, ṣé èmi ni mo fi fún ọ?"

"Rárá, Màámi. Dókítà ní kò sẹ́ni tó fi fún mi."

"Àyà rẹ tó wú nígbà yẹn. Mo ń fi òrí pa á."

"Ẹ ò mọ̀, Màámi. Ta ló mọ̀?"

Wọ́n dìde. Orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n nígbà yẹn, wọ́n ń di àga mú, wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ Mojí, wọ́n sì fẹ́ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mojí kígbe. Ó gbá wọn mọ́ra, àwọn méjèèjì wá jọ wà nílẹ̀. "Gbogbo àgbo yẹn," ni Màámi ń wí. "Mojí, gbogbo àgbo kíkorò yẹn. O ò dẹ̀ kọ̀ ọ́." Bàbá Alágbẹ̀dẹ mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Ká má purọ́ mọ́ wọn, láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, wọn ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, Mojí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè tí wọ́n bá wọlé wa.

Àwọn ará Àpòmù náà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Mojí ọkùnrin gbé mọ́tò wá, ó ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ṣì kéré, ó ṣì lè bímọ fún ẹlòmíràn. Mo ti wà nínú ilé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ jáde kí n sọ pé kó máa lọ, mi ò ní bínú, òótọ́ sì ni, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n Mojí ti dá a lóhùn: "Bọ̀dá mi, ẹ wá jẹun. Ẹrù tí mo fẹ́ gbé lọ ò sí ńlé yìí." Ó jẹun, ó sì lọ.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi jinná, agbára padà, irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n mi lọ́jọ́ ogbó, Ṣínà sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ohun kan ló bá a lọ. Ohùn mi ń ki díẹ̀díẹ̀. Níbi ìdánrawò lọ́jọ́ kan, a dé ibi tí áátò ti máa ń gòkè, mo yanu, ohùn ò dé ibẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ó já. Ọ̀gá akọrin tọ́ka sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Mo gbé ìwé orin mi, mo kọjá sọ́dọ̀ àwọn tẹ́nọ̀. Mojí, tí kò sunkún ní ọsibítù, tí kò sunkún níwájú Bàbá Alágbẹ̀dẹ, sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó ní inú òun dùn pé ara mi ń yá, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Èmi náà, títí dòní, tí mo bá dá wà lójú iṣẹ́, mo ṣì máa ń wá ohùn yẹn. Ó ti lọ. Mo máa ń ṣàárò rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ṣàárò ẹni tó kú.

Dókítà ti sọ fún wa pé ọ̀nà ṣì wà. Wọ́n lè lo àtọ̀ ọkùnrin míì ní ọsibítù. A lè gba ọmọ tọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Mo mọ tọkọtaya tó ṣe èkíní, mo mọ àwọn tó ṣe èkejì, ayọ̀ wà nílé wọn. Mo ní ohun tí Mojí bá fẹ́ la máa ṣe. Ó ronú sí i fún oṣù bíi mélòó kan. Ó wá ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni wọ́n ti ń fi ara mi wá ọmọ. Mo fẹ́ sinmi." A sinmi. Màámi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Mojí ni wọ́n kú sí. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, wọn ò sì pè é ní Mojí mọ́ títí wọ́n fi lọ. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tẹ́ ẹ bá ti ń retí ọmọ fún ọdún kan tí kò sí, ẹ̀yin àti ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ jọ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ní kó kọ́kọ́ lọ. Tí àwòrán tèmi bá jọ tiyín, tẹ́ ẹ ga, tí irùngbọ̀n yín ò hù, tí àyà yín wú rí, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti bọ́ ẹ̀wù níwájú dókítà. Ẹ̀yin ìyá, tí ọmọkùnrin yín bá ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì bo àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ohun tí wọ́n bá tètè rí ní kékeré, wọ́n lè ràn án lọ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe ràn mí lọ́wọ́ lọ. Ẹ má sì lọ ra abẹ́rẹ́ yìí fúnra yín ní kẹ́mísìtì torí pé ẹ gbọ́ pé ó ń fún ọkùnrin lágbára. Ẹni tí ara rẹ̀ ń pèsè nǹkan ọkùnrin dáadáa lè fi ba tirẹ̀ jẹ́.

Ara mi le báyìí. Mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n ṣì ń yẹ eegun àti àyà mi wò ní Ìbàdàn, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn tí Màámi kú, a fi ilé Ìkirè sílẹ̀ fún Ṣínà àti àwọn ọmọ rẹ̀, a kó lọ sí ilé kékeré tá a kọ́ sí Àpòmù. Mo kun ilé náà fúnra mi, àfi yàrá kan. Yàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Nígbà tá a ń ya pílánì ilé náà, kí ọwọ́ mi tó ṣẹ́, àwa méjèèjì la mọ ẹni tá a ní in lọ́kàn fún. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá kàn fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mojí bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ ti kun ilé gbogbo ayé tán," ó ní. "Ìgbà wo lẹ máa kun yàrá yẹn fún mi?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ibòòji ìta ò dáa fún ojú mi mọ́. Mo fẹ́ máa ránṣọ níbẹ̀. Yẹ́lò ni kẹ́ ẹ kùn ún, kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀."

Mo kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo na ọwọ́ dé òkè àjà láìlo àkàbà. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó lè dán, mo wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbẹ. Mojí ò dúró. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ kọjá lára mi, ó sì wọlé.